Ìjàpá, Odídẹrẹ́ àti Ọlọ́ṣà Aláṣọ Pupa

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá gbòó, ó balẹ̀ gbàgàdà. Kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Ó bà lé Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó bà lé Odídẹrẹ́ onírù pupa, ó sì yí gbirigbiri bọ́ sínú òkun níwájú Àjùdá, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ mọ́ yanrìn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ mọ iṣẹ́ yín. Bí mo bá lé orin, ẹ gbè é. "Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe" ni ègbè wa. Ẹni tó bá ń sùn, kó ti ojú oorun gbè é.

Ìjàpá ní oko lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yánníbo ló ń ro ó. Yánníbo ló ń gbìn, òun ló ń kórè, òun náà ló ń rù ú lọ sọ́jà. Iṣẹ́ ti Ìjàpá ni kó jókòó sábẹ́ igi ìyeyè, kó máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí ayé jẹ lówó. Lọ́jọ́ kan, Odídẹrẹ́ fò dé láti ìhà òkun, ó bà sórí ẹ̀ka, ó gbọn ìyẹ́, ó sì ń wo ilé, ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni tí ìlú náà ti kéré jù fún.

"Ìjàpá, ṣé abẹ́ igi yìí náà lo ṣì wà? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń jayé lórí omi."

"Àwọn wo ni ẹgbẹ́ mi?"

"Ọlọ́ṣà orí òkun! Àwọn tí kì í roko, tí kì í sanwó orí, tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọba."

"Kì í roko" ló wọ Ìjàpá létí jù. Ó sún mọ́ ìdí igi.

Odídẹrẹ́ ní ọkùnrin kan ń bẹ, ará Wales, Bartholomew Roberts lorúkọ rẹ̀. Aṣọ dàmásíkì pupa ló máa ń wọ̀ lọ sójú ìjà, ẹ̀wọ̀n wúrà á wà lọ́rùn rẹ̀, àgbélébùú dáyámọ́ǹdì á sì so mọ́ ẹ̀wọ̀n náà. Ó ní ìyẹ́ pupa wà lára fìlà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ìyẹ́, Odídẹrẹ́ yí ìrù rẹ̀ síwájú kí Ìjàpá lè rí i dáadáa. Ó ní, "Ìkóóde ni. Ohun tí ọba fi ń ṣe adé lọ́ṣọ̀ọ́ ni ọkùnrin yìí fi sí fìlà." Èmi apàlọ́ kò ní ẹ̀rí pé ìkóóde ni. Odídẹrẹ́ náà kò ní.

"Ọkọ̀ tó ti kó lé ní 400," Odídẹrẹ́ ń bá a lọ. "Wọ́n sì ní òfin tiwọn. Olúkúlùkù ló ń dìbò. Ìpín méjì ni ọ̀gá ọkọ̀ ń gbà, atukọ̀ lásán ń gba ìpín kan. Oúnjẹ tútù àti ọtí, ẹ̀tọ́ gbogbo wọn ni. Ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gé lẹ́nu iṣẹ́, ẹyọ fàdákà 800 ni wọ́n á kà fún un. Ààfin wo lo ti rí irú ẹ̀?"

Ìjàpá ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó rí mẹ́rin. Ó ṣírò rẹ̀, ó rí 3,200.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́, Odídẹrẹ́ kò parọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin. Òfin náà wà, ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1724 tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Atukọ̀ tó ti ń jẹ pàṣán lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò, tí wọ́n tún ń yọ nínú owó rẹ̀, bó bá gbọ́ pé ibì kan wà tí àwọn atukọ̀ ti ń dìbò yan ọ̀gá, àfi kó nà létí. Ohun tí Odídẹrẹ́ kò fi kún un ni bí ọjọ́ ayé ẹni tó ń dìbò náà ṣe gùn tó.

Ìjàpá bá dìde, ó gbá ẹ̀yìn rẹ̀ nù, ó fi orin bọnu:

Lílé: Mo ń ròkun, mo ń lọ là o
Ègbè: Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe
Lílé: Aṣọ pupa ni n ó máa wọ̀
Ègbè: Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe
Lílé: Wúrà nílẹ̀, wúrà lájà
Ègbè: Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe
Lílé: Ẹ bá mi kí ọkọ́, ó dìgbà o
Ègbè: Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe

Yánníbo ti oko dé, ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò bínú, ó kàn béèrè pé, "Baálé mi, ta ló rí àwọn èèyàn yìí tó wá sọ fún yín?"

"Odídẹrẹ́ ni."

"Odídẹrẹ́ níyẹ̀ẹ́. Karaun lẹ̀yin ní. Bí ìbọn bá dún lọ́hùn-ún, èwo nínú yín ló máa fò?"

Ìjàpá ní obìnrin kì í mọ ọ̀rọ̀ òkun. Ó lọ.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1722 ló gúnlẹ̀ sí etíkun Àjùdá. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́. Ọkọ̀ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọlọ́kọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n ń la ìgbì kọjá síwá sẹ́yìn: wọ́n á kó aṣọ, ìbọn àti ọtí bọ̀ látinú ọkọ̀, wọ́n á sì kó èèyàn lọ síbẹ̀. Ìjàpá rí àwọn èèyàn náà tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ọwọ́ wọn ní dídè. Kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Odídẹrẹ́ kò sọ̀rọ̀ wọn fún un, nítorí náà kò mọ ibi tí òun ì bá fi wọ́n sí nínú ìtàn náà. Agbọ̀n iṣu ló wá, ó kó sí i, ó sì bá agbọ̀n náà dé inú ọkọ̀ Roberts, tí wọ́n ń pè ní Royal Fortune.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí i. Ọ̀dà, ìtọ̀, ẹran oníyọ̀ tó ti ń bàjẹ́, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin tí wọn kì í wẹ̀. Ẹnìkan tún kí i láti ẹ̀yìn àgbá omi.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ wá jalè ni àbí wọ́n jí ẹ̀yin náà wá?"

Èkúté ni. Èkúté inú ọkọ̀, irun rẹ̀ ti ré, etí rẹ̀ kan ti já.

"Mo wá jalè ni," Ìjàpá dáhùn, ó gbé àyà sókè.

"Ẹ kú oríire. Àwọn tó pọ̀ níbí kò wá fúnra wọn. Ọ̀gá wa gan-an, wọ́n jí i wá ni. Ní 1719, inú ọkọ̀ akẹ́rú kan tí wọ́n ń pè ní Princess ló ti ń ṣiṣẹ́, ní Anomabu ní Gold Coast. Howell Davis ló kó ọkọ̀ náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa Davis ní erékùṣù Príncipe, wọ́n bá dìbò yan Roberts."

"Ó dáa. Níbo lẹ ń rì wúrà mọ́?"

Èkúté rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Wúrà kẹ̀? Ohun tá a ń kó jù ni okùn, aṣọ ìgbòkun, tábà, ìyẹ̀fun, ẹran oníyọ̀, àti àpótí oògùn bí ọkọ̀ náà bá ní dókítà. Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń rì okùn mọ́lẹ̀? Èyí tó bá jẹ́ owó, wọ́n á pín in, wọ́n á sì mu ún tán kí òṣùpá tó yí."

Wọ́n fún Ìjàpá ní bísíkíìtì. Ó fẹ́ gé e jẹ, Èkúté dá a lọ́wọ́ kọ́. Ó ní kó kọ́kọ́ gbá a mọ́ pákó kí àwọn onílé inú rẹ̀ lè jáde. Wọ́n jáde lóòótọ́, wọ́n pọ̀. Omi tí wọ́n bù fún un láti fi tì í sísàlẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé. Ní apá òsì, ọkùnrin kan ń gbọ̀n nítorí ibà, ní apá ọ̀tún, ìgbẹ́ ọ̀rìn ń da òmíràn láàmú. Ìjàpá béèrè bóyá ẹni tó ń gbọ̀n yìí náà ní ìpín tirẹ̀. Èkúté ní ó ní in. Ẹni tó bá pẹ́ láyé ni yóò gbà á.

Aago mẹ́jọ alẹ́ lù, wọ́n pa gbogbo àbẹ́là.

"Kí ló dé?"

"Òfin ni. Ẹni tó bá fẹ́ mutí lẹ́yìn aago mẹ́jọ, kó lọ mu ún lókè nínú òkùnkùn. Tẹ́tẹ́ olówó, èèwọ̀. Obìnrin, èèwọ̀. Bí ẹni méjì bá ń jà, kí wọ́n ní sùúrù di ìgbà tá a bá gúnlẹ̀. Àwọn onílù àtàwọn onífèrè nìkan ló ń sinmi, ọjọ́ Àìkú sì ni."

"Ọ̀gá ńkọ́? Kí ni òun ń mu?"

"Wọ́n ní tíì ni."

Ìjàpá jókòó. "Yánníbo gan-an kò le tó báyìí," ó ní.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ṣírò nílé tún wá sí i lọ́kàn, ó béèrè báwo ni wọ́n ṣe ń gba 800 náà. Èkúté mú un lọ wo ayùn dókítà. Ìjàpá fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú karaun, kò sì sọ̀rọ̀ owó náà mọ́.

Wàyí o, ọkọ̀ mọ́kànlá ló wà lórí omi Àjùdá lọ́jọ́ tí Roberts dé, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé àti ti Potogí, òwò ẹrú ló sì kó wọn jọ síbẹ̀. Gbogbo wọn túúbá láìjà. Roberts bu ìràpadà lé wọn: wúrà lẹ́búlẹ́bú ìwọ̀n pọ́n-ùn 8 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń san án, ó sì ń fún wọn ní rìsíìtì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Rìsíìtì ni mo wí, pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Lórí rìsíìtì náà, wọn kò pe ara wọn ní olè, orúkọ àwọn gbajúmọ̀ ni wọ́n fi pe ara wọn. Mo mọ àwọn kan tó ń gbowó lójú títì wa lónìí tí wọn kò ní ìwà tó bẹ́ẹ̀.

Ìjàpá rí èyí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Èkúté, ṣé o rí i? Ọmọlúàbí ni wọ́n." Odídẹrẹ́ náà ti dé, ó wà lórí òpó ìgbòkun, ó ń pariwo "Wúrà! Wúrà!" lókè.

Ọ̀gá ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò san. Porcupine ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, ó ní àwọn tó ni ọkọ̀ kò fún òun láṣẹ láti san irú owó bẹ́ẹ̀. Èèyàn 80 wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì. Roberts ní kí wọ́n lọ kó àwọn èèyàn náà kúrò, kí wọ́n sì sun ọkọ̀. Àwọn tó rán lọ fi ọ̀dà kun ojú pákó. Nígbà tó kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ṣíṣí rẹ̀ yóò pẹ́, wàhálà rẹ̀ yóò pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń kánjú. Wọ́n bá ṣáná sí i pẹ̀lú àwọn èèyàn náà nínú. Àwọn tó fo sómi fò ní méjì méjì, àwọn ẹja eléyín bí ayùn tó pọ̀ nínú omi Àjùdá ń dúró dè wọ́n. Ìwé ọdún 1724 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tó to òfin dáadáa ọ̀hún lẹ́sẹẹsẹ, òun náà ló kọ èyí sílẹ̀.

Èéfín gòkè. Odídẹrẹ́ ní ó ń ta òun lójú, ó fò lọ.

Ìjàpá yí sí Èkúté, ó ní, "Ìwọ, kí lorúkọ àwọn èèyàn yẹn?" Èkúté ní òun kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó kọ ọ́. Orin ló fi dá a lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbè é dáadáa:

Lílé: Àwọn wo ló wà nísàlẹ̀ ọkọ̀?
Ègbè: Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe
Lílé: Ọmọ ta ni, ará ibo ni?
Ègbè: Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe
Lílé: Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ, wọ́n ní ó pẹ́
Ègbè: Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe
Lílé: Iná lókè, ẹja nísàlẹ̀
Ègbè: Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lomi ń ṣe

Kò pẹ́ tí Roberts fi Àjùdá sílẹ̀. Ìwé kan bọ́ sí i lọ́wọ́ tó sọ pé ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní Swallow, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sá gba ọ̀nà Cape Lopez, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gabon lónìí. Ọjọ́ gùn lórí omi. Ẹni tó ń retí ìjà lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó wá wo bí wọ́n ṣe ń fa omi jáde nínú ọkọ̀ tó ń jò, bí wọ́n ṣe ń ran aṣọ ìgbòkun, bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn nítorí ìwọ̀n ọtí. Ìjàpá ran aṣọ títí abẹ́rẹ́ fi dá egbò sí i lọ́wọ́. Nílé, bí Yánníbo bá ní kó bá òun so okùn ewúrẹ́, á ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Ohun tó wá pa wọ́n, ṣúgà ni. Mo ní ṣúgà! Ó ti wọ́n lọ́dọ̀ wọn, ọtí tí wọ́n ń pò kò dùn mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, wọ́n rí ọkọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán tó yí padà bí ẹni ń sá. Wọ́n ní, "Potogí ni, ṣúgà ló rù." Ranger, ìkejì ọkọ̀ Roberts, bá tú ìgbòkun, ó lé e, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi ń lé e. Ìgbà tí wọ́n jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni kankan ní Cape Lopez kò lè gbọ́ ìró ìbọn mọ́ ni Potogí oníṣúgà ṣí ojú ihò àgbá rẹ̀ sí wọn. Swallow ni. Chaloner Ogle ni ọ̀gá rẹ̀.

Ọjọ́ 10 ló padà wá bá Roberts. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n kó ọkọ̀ kan tí ọtí wà nínú rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Roberts ń jẹun lọ́wọ́. Ó dìde, ó wọ aṣọ pupa rẹ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n wúrà sọ́rùn, ó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ pé gẹ́gẹ́ bí Odídẹrẹ́ ṣe ròyìn rẹ̀. Odídẹrẹ́ ti padà sórí òpó, ó ń wò ó, ó ń kọ́ ọ sórí.

Ìbọn àkọ́kọ́ dún. Odídẹrẹ́ fò.

Nítorí náà ni ìtàn Odídẹrẹ́ ṣe máa ń parí síbi tí aṣọ ti mọ́. Kò rí ọta tó wọ Roberts lọ́fun. Kò rí bó ṣe ṣubú lu àgbá tí olùdarí ọkọ̀ kọ́kọ́ rò pé ó ń sinmi ni, tó ń bú u pé kó dìde jà bí ọkùnrin. Kò rí i bí wọ́n ṣe gbé e jù sómi tòun taṣọ, tòun ti ẹ̀wọ̀n wúrà, kí òkú rẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Bí ẹ bá ń wá ìṣúra ọlọ́ṣà, ibẹ̀ ló wà. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1719 parí ní 1722, kò pé ọdún mẹ́ta.

Ìjàpá wà nínú karaun rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí.

Wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí Cape Coast, sínú ilé olódi tí àwọn oníṣòwò ẹrú Gẹ̀ẹ́sì ń lò létí òkun. Wọ́n gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀. John Atkins, dókítà inú Swallow, ló ń ṣe akọ̀wé rẹ̀. Ẹjọ́ ń lọ, wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá pè á sọ pé òun kọ́, wọ́n fipá mú òun ni. Wọ́n dá àwọn tó lé ní 70 sílẹ̀. Wọ́n so 52 kọ́ níbẹ̀ níwájú òkun. Àwọn mìíràn, iṣẹ́ ọdún méje láìgbowó ni wọ́n fún wọn, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹrú.

Ìjàpá tò sórí ìlà, ó ń dúró de orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó tún ń wú u lórí díẹ̀. Bó bá kú, ó kéré tán wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọlọ́ṣà orí òkun ni Ìjàpá Tìrókò. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ nídìí igi. Wọ́n pè títí, wọn kò pè é.

Ó lọ bá akọ̀wé kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti gbàgbé mi. Ọlọ́ṣà lèmi náà."

Akọ̀wé kò gbójú sókè. "Ìlà tìrẹ wà lọ́hùn-ún."

Lọ́hùn-ún, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ Roberts ló wà, wọ́n lé ní 60. Àwọn kan nínú wọn ti fa okùn, wọ́n ti yin ìbọn, wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tí àwọn ẹni tí wọ́n ń so kọ́ ṣe. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n fipá mú wọn. Wọn kò gbọ́ ẹjọ́ wọn rárá. Wọ́n tà wọ́n.

"Ṣùgbọ́n olè ni mí!" Ìjàpá ń ké. "Mo ní ìpín kan! Mo ní ẹ̀tọ́ ìbò!"

Ọkùnrin tó wà nídìí ìlà náà yí i sókè yí i sílẹ̀, ó fi ìka kan karaun rẹ̀ kó-kó-kó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: ìjàpá kan, ara rẹ̀ le. Ó kọ iye owó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èkúté ló gé okùn rẹ̀ lóru. Eyín rẹ̀ méjì dá síbẹ̀. Wọ́n jọ gba etíkun wá sílé, wọ́n ń rìn lóru, wọ́n ń sá pamọ́ lọ́sàn-án. Ogle ní tirẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀, ọba fi oyè dá a lọ́lá ní 1723. Ìyẹn kò kan àlọ́ wa.

Yánníbo rí Ìjàpá lẹ́nu ọ̀nà, kò béèrè wúrà. Ó gbé omi fún un, ó gbé ẹ̀kọ fún un, ó tẹ́ koríko sí ẹ̀gbẹ́ kan fún Èkúté. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gbogbo ẹranko pé jọ láti gbọ́ ìròyìn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Ìjàpá sọ òótọ́ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ó sọ ti kòkòrò inú bísíkíìtì, ó sọ ti ìgbẹ́ ọ̀rìn, ó sọ ti Porcupine. Etu kọ́kọ́ yán. Òbúkọ ní òun fẹ́ lọ wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀lírí béèrè pé, "Wúrà ńkọ́?" Kó tó dé orí ọ̀rọ̀ Cape Coast, Yánníbo àti Èkúté nìkan ló kù níbẹ̀. Igbá tó gbé kalẹ̀ fún owó ẹyọ ṣófo.

Ilẹ̀ mọ́, Odídẹrẹ́ fò dé. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mirí. "Ìjàpá, bí o ṣe ń sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Wá aṣọ pupa kan. Jẹ́ kí n bà lé ọ léjìká."

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, igbá kún.

Àtìgbà náà ni odídẹrẹ́ ti wà léjìká ọlọ́ṣà. Àwọn onímọ̀ ìwé yóò sọ fún yín pé ará Skọ́tílándì kan, Robert Louis Stevenson, ló gbé e síbẹ̀ nínú Treasure Island ní 1883, pẹ̀lú ọlọ́ṣà ẹlẹ́sẹ̀ kan àti àwòrán ilẹ̀ tó ń júwe ibi tí ìṣúra wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìwé náà dùn, èmi náà gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ìtàn ti Ìjàpá ti ń pawó nígbà yẹn. Ẹ wo àwọn ọmọdé níbi ọjọ́ ìbí wọn lónìí, fìlà dúdú, aṣọ bo ojú kan, idà oníke lọ́wọ́. Ẹ kò ní rí ọmọ kankan tí wọ́n múra fún bí èèyàn tó wà nísàlẹ̀ Porcupine.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kò tán lórí omi wa. Ní 2020, atukọ̀ 135 ni àwọn ọlọ́ṣà jí gbé káàkiri ayé, 130 nínú wọn ló jẹ́ pé Gulf of Guinea yìí kan náà ni wọ́n ti jí wọn. Ẹni tí wọ́n jí gbé nínú ọkọ̀ epo, tí wọ́n fi pamọ́ sínú igbó ẹrẹ̀, tí aya rẹ̀ ń tọrọ owó ìràpadà kiri, ẹ bi í bóyá ó rí ìyẹ́ pupa lórí fìlà ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé Ìjàpá. Ó ti kọ́ àgọ́ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ jókòó níwájú ń san ẹyọ mẹ́wàá, ẹni ẹ̀yìn ń san márùn-ún. Ó ti wá sọ ọ́ di pé òun àti Roberts jọ ń mu tíì ni. Bó bá dé ibi Àjùdá, á gbé rìsíìtì kan sókè tí òun fúnra rẹ̀ kọ, àwọn èrò á pàtẹ́wọ́, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ á fò lọ sí Cape Lopez. Èkúté ń gbé lájà àgọ́ náà. Ní gbogbo alẹ́, bí Ìjàpá bá ti fo ibẹ̀, Èkúté á lé orin tirẹ̀ láti òkè, "Àwọn wo ló wà nísàlẹ̀ ọkọ̀?", àwọn èrò á sì gbè é, torí ègbè náà dùn lẹ́nu wọn. Wọn kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbè. Odídẹrẹ́ ní kí wọ́n ra ológbò.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni Ọmọ Ehoro dìde láàárín èrò, ojú rẹ̀ ń dán. "Bàbá Ìjàpá, mo ti di ẹrù mi. Lọ́la ni mò ń lọ sókun."

Inú èrò dùn, wọ́n hó yèè. Ìyá Ehoro kò hó. Ó dìde níbi ẹlẹ́yọ márùn-ún tó jókòó sí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìjàpá. Àkọ́bí tiyín, tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi, ọjọ́ wo ni òun ń lọ? Kí wọ́n lè jọ rìn."

Ìjàpá wúkọ́. Ó tún fìlà ṣe. Odídẹrẹ́ wo òkè.

"Ọmọ tèmi?" ni Ìjàpá wí. "Rárá o, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló wà, ọdún tó ń bọ̀ ló máa gba òmìnira. Ẹ̀yin èrò, kí ló dé tí orin fi tutù? Ẹ gbè é! Wúrà nílẹ̀, wúrà lájà..."